Ọjọ́ mẹ́rin nínú àbàtà: ibo ló yẹ àwa mẹ́rin tí ohun tí a fẹ́ kò dọ́gba?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Mẹ́rin ni wá, Ilé-Ifẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. A fẹ́ lọ sí ibi tí omi àti igbó ti pàdé, ká lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Ẹyẹ ni ọ̀kan nínú wa fẹ́ wò. Ẹnì kejì fẹ́ pẹja. Ẹnì kẹta fẹ́ tukọ̀ títí apá yóò fi máa ro ó. Ní tèmi, ibi tí n kò ti ní gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru ni mò ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Florida ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kò sí irú Everglades, àbàtà ńlá tó wà lọ́dọ̀ wọn, ní Nàìjíríà, kí n máa tọ́jú owó mi de ọjọ́ tí n óò rí físà. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Lẹ́kkí ló dáa, òmíràn ní Nguru. Ará Iléṣà kan tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń sanwó kí ẹ̀fọn lè rí i jẹ?" Ibo gan-an ni ká lọ?

* * *

Ẹ ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ti ń jà lórí ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Ìyẹn ló fà á tí ìmọ̀ràn fi rí oríṣiríṣi. Ẹni tó ní Lẹ́kkí, ẹni tó ní Nguru àti ẹ̀gbọ́n yín, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí kálukú fẹ́ràn ló fi ń dáhùn.

Omi tí ẹyẹ ń wá yàtọ̀ sí omi tí atukọ̀ ń wá. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bí àkọ̀ àti lékeléke, ibi tí omi ti fà ni wọ́n ń pé sí, níbi tí ẹrẹ̀ ti yọ síta, tí ẹja wẹ́wẹ́ há sínú kòtò. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀, orí ẹrẹ̀ ni yóò jókòó sí, ẹ̀yin lẹ óò sì sọ̀ kalẹ̀ tì í. Atukọ̀ ń fẹ́ omi tó jìn díẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ já síra, tí ojú oró àti òṣíbàtà kò tíì bò pa. Apẹja ń fẹ́ ọmọ ibẹ̀ tó mọ ibi tí ẹja ń sá sí. Ẹni tó fẹ́ sùn ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ sì ni ohun tó wọ́n jù nínú àbàtà.

Oṣù tí ẹ mú náà ti yan ẹnì kan láyò. Ní oṣù Kejìlá, òjò ti dá lọ́dọ̀ wa, omi ń fà lọ. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ti ń dé láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, wọn kì í padà títí di nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin. Olùwo-ẹyẹ yín ló jẹ̀fà. Tó bá jẹ́ pé atukọ̀ yín ló dá oṣù, ì bá mú oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ìkọkànlá, nígbà tí omi ṣì kún dé etí igbó, tí ọkọ̀ lè wọ àárín igi.

Ẹ má kàn ka oṣù òjò kí ẹ sì gbà pé ẹ ti mọ oṣù omi. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Okavango ní Botswana. Orí òkè ilẹ̀ Angola ni òjò tó ń kún un ti ń rọ̀, omi náà a wá fi oṣù rìn kó tó débẹ̀. Láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, nígbà tí Botswana fúnra rẹ̀ gbẹ táútáú, ni àbàtà yẹn máa ń kún jù. Torí náà, ẹni tó ń gbé etí omi ni kí ẹ bi, ẹ má bi kàlẹ́ńdà.

* * *

Fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Florida, àti àwọn méjì tó gbè é lẹ́yìn pé "òyìnbó nìkan ló mọ igbó tọ́jú":

Everglades dára, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìjọba, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ éékà. Ọ̀nà omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wilderness Waterway, máìlì 99 ni, láti Everglades City títí dé Flamingo, àwọn èèyàn sì máa ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ rìn ín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Níbi tí kò ti sí ilẹ̀ rárá, wọ́n kan pèpéle onígi sórí omi, wọ́n sì bò ó lórí, orí rẹ̀ ni èèyàn ń pàgọ́ sí mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn náà bọ́ sí oṣù Kejìlá sí Ìkẹrin. Omi a fà, ẹyẹ àti aligátọ̀ a kó jọ sí ibi tó kù. Lákòókò òjò, ẹ̀fọn ibẹ̀ le débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ sùn síbẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni ibi tó ti ní ká jókòó de físà. Ohun tó mú ibẹ̀ rọrùn ni ètò, a sì lè kó ètò yẹn lò nílé. Ẹni tó bá fẹ́ sùn sínú igbó wọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sọ ibi tó máa wà lálaalẹ́. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù omi mímu kan dání fún ọjọ́ kan, nítorí iyọ̀ wà nínú omi ẹ̀bá òkun. Ṣé físà la nílò ká tó lè ṣe ìyẹn? Ẹ kọ orúkọ àwọn abúlé tí ẹ máa sùn sí àti nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ sínú ìwé kan, ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé. Ẹ ṣírò omi mímu yín kí ẹ tó kúrò n'Ífẹ̀. Àwa tí à ń lọ sí ẹsẹ̀ odò kì í sábà ṣe méjèèjì, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí ewu rẹ̀ kò kéré.

* * *

Ará Iléṣà, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, torí mo mọ̀ pé èrò ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ sọ.

Ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ní oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó ń sán, ṣebí àkùrọ̀ ló ti ń wá? Àgbàdo tútù tó ń jáde nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ ńkọ́? Àbàtà ló ń gba omi òjò dúró tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Odò Ọ̀pá tó wà n'Ífẹ̀ ń ṣàn wọ Ṣaṣà. Ọ̀ṣun tó gba Òṣogbo kọjá ń lọ títí ó fi wọ Ọ̀sà Lẹ́kkí. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ rìn lórí ọ̀sà yẹn, omi ilé wa ló ń tukọ̀ lórí rẹ̀. N kò mọ bí ẹni tó rí ìyẹn yóò ṣe pè é ní ẹrẹ̀ lásán.

Ní ti ẹ̀fọn, òótọ́ ni. Èyí tó ń gbé ibà, òru ló ń jẹni. Nẹ́ẹ̀tì, aṣọ alápá gígùn láti ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn àgọ́ sì wà ní títì kí oòrùn tó wọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́kkí. Lekki Conservation Centre ni wọ́n ń sọ, héktà 78, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Afárá onígi gba orí àbàtà kọjá, ọ̀bọ wà, ọ̀nì wà, afárá òkè tó gba orí igi lọ sì gùn ní mítà 401. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké àti fún ẹni tí kò tíì wọ àbàtà rí. Ọjọ́ kan tó o. Kò sí ìtukọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹja pípa. Ẹ̀yin mẹ́rin á ti rìn ín tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Nguru. Ẹni tó dárúkọ rẹ̀ mọ ẹyẹ, mo kí i. Nàìjíríà wọ àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo àbàtà, ní 2001. Nínú ibi 11 tí a kọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, adágún Nguru àti Dagona wà níbẹ̀, méjèèjì ní Yobe. Ẹgbàágbèje ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè ló ń sọ̀ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi rẹ̀ ti dín kù látìgbà tí dáàmù Tiga àti ti Challawa Gorge ti wà lókè odò, koríko gíga sì ti gba ojú omi lọ́pọ̀ ibi. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà láti Ilé-Ifẹ̀ dé Yobe, kí ẹ tún wo ọjọ́ mẹ́rin. Inú mọ́tò lẹ óò ti lo púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà ńlẹ̀. Ẹni tí kò ní ojúlùmọ̀ tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, kó má gbéra.

Ẹnì kan tún dárúkọ Kainji. Agbègbè Borgu nìyẹn, n kò sì ní ran ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ lásìkò yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò kan náà.

Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún apẹja. Láti Ifẹ̀, ẹ gba Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọ̀sà Lẹ́kkí tó wà lápá ibẹ̀, omi rẹ̀ kò níyọ̀ bíi ti Ọ̀sà Èkó. Kí ẹ tó náwó lórí ìwọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọjà ẹja Olúwo láàárọ̀, kí ẹ wo ohun tó ń jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń tà á ibi tí wọ́n ti pa á. Ẹnu wọn ni ìmọ̀ràn ẹja tó péye jù wà.

Ìlàjẹ, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ibí yìí lọ́kàn mi wà, n óò sì padà sórí rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ lókè pé, "Kò sí àbàtà n'Ífẹ̀, ẹ má tàn wá." Ẹ lọ wo adágún Ọ̀pá tó wà nínú ọgbà OAU, ibi tí wọ́n ti dí odò fún omi tí yunifásítì ń lò. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọgbà, ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ dúró sí apá ibi tí òṣíbàtà ti tẹ́ ewé, kí ẹ má sọ̀rọ̀.

Ẹyẹ kan wà tí irú rẹ̀ máa ń gbé orí irú ewé bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ pupa bí igbá tí wọ́n fi osùn kùn, ọrùn rẹ̀ funfun, iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá ohun tí ojú retí, ó sì là wọ́n káàkiri tó fi jẹ́ pé ewé kan ṣoṣo gbé e dúró. Ewé á tẹ̀ díẹ̀, omi á yọ létí rẹ̀, ẹyẹ á ti bọ́ sórí òmíràn. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, a fi ìyẹ́ há àwọn ọmọ mọ́ra, a gbé wọn lọ, tí ẹ óò kàn máa rí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń já wálẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tí èèyàn tó ní òun kò bìkítà fún ẹyẹ dákẹ́ lójú èyí.

Kí ẹ lo òwúrọ̀ Sátidé kan níbẹ̀ ṣáájú ìrìn-àjò yín. Ẹ óò mọ ẹni tó lè dákẹ́, ẹni tí bàtà rọ́bà rẹ̀ ń jò, àti ẹni tí báínọ́kúlà rẹ̀ kò wúlò. Natural History Museum sì wà nínú ọgbà kan náà, ẹ yà síbẹ̀.

* * *

Àríyànjiyàn omi mímu ti gùn jù, mo fẹ́ là á.

Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi mọ́, ẹ sáà fi álọ́ọ̀mù sí i. Àwọn kan ní sísè tó. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, òótọ́ ni. Kò lè yọ òjé tàbí mẹ́kúrì. Gbogbo wa la rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe di pípọ́n nítorí wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Ó dùn mí gan-an, torí odò tí a ń kí lóríkì ni. Omi tí ọwọ́ awakùsà ti kàn lókè rẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ má mu ún. Ẹ gbé omi láti ilé.

Ní ti ìlúwẹ̀ẹ́, mo ta ko àwọn tó ní "omi adágún kì í ṣe nǹkan." Àtọ̀sí ajá ń bẹ nínú omi tí kò níyọ̀ tí kò sì yára ṣàn, lára ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé ara ewéko létí bèbè. Kòkòrò náà ń jáde lára ìgbín, ó ń gba awọ ara wọlé, èèyàn kò ní mọ̀. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ omi, ẹ jìnnà sí ewéko etí bèbè, ẹ má pẹ́, ẹ sì nu ara gbẹ kíákíá. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni. Inú omi oníyọ̀ ni ìgbín wọ̀nyẹn kì í gbé.

* * *

Ọlọ́kọ̀. Àwọn mẹ́ta ló kọ ọ́ pé ọlọ́kọ̀ máa ń yan àlejò jẹ, pé ká gbé ọkọ̀ ká sì máa tù ú fúnra wa. N kò gbà. Ẹ dúnàádúrà, ẹ san owó tó tọ́ fún odindi ọjọ́, kí ẹ má fi wákàtí ṣe é. Ẹni tí ẹ bá fi wákàtí gbà yóò máa kánjú. Ẹni tí ẹ gbà fún ọjọ́ yóò fi ibi tó ń lọ han yín.

Mo bá àgbàlagbà kan tukọ̀ lápá Igbókòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ. Kì í wo iwájú púpọ̀. Ó ń ti àjẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á wo ibi tí omi dé lára igi rẹ̀, á wo ipa tútù tó kù lára gbòǹgbò àwọn igi etí omi, lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá omi òkun ń wọlé bọ̀ tàbí ó ń padà. Ọ̀nà tí a gbà wọlé láàárọ̀, ó kọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Ó ní tí a bá gba ibẹ̀, orí ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ṣú wa sí. Tí ẹ bá ń dá tukọ̀, ta ni ì bá sọ ìyẹn fún yín? Ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé láàbọ̀ gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ní àríyànjiyàn kankan lọ́dọ̀ mi. Ẹ ra tiyín, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó dáyà kọ omi, kí okùn rẹ̀ wà ní síso. Ọkọ̀ tó bá ti kún ju bó ṣe yẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má rìn lóru, NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, náà ti kọ̀ ọ́ fún ọlọ́kọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi gba orí ọ̀sà ńlá kọjá, afẹ́fẹ́ máa ń le lọ́sàn-án. Bí ọyẹ́ bá bo ojú omi láàárọ̀, ẹ dúró kó ká.

* * *

Ìwọ tó ń wá oorun jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n fi ṣeré jù níbí, ó sì ṣe pàtàkì lójú mi. Òru láìsí ẹ́ńjìnnì jẹ́ ohun tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ rìnrìn àjò.

Ṣùgbọ́n má pàgọ́ síbi tí ará ìlú kò mọ̀ pé o wà. Lọ kí baálẹ̀, sọ ohun tí o wá ṣe, béèrè ibi tó gbẹ. Àwọn kan ní àgọ́ nìkan ni ìrìn-àjò gidi. Nílẹ̀ tí ilé wà lórí òpó nínú omi, èmi á kúkú sùn sínú ilé onípákó lọ́dọ̀ onílé, omi á máa lù lábẹ́ ẹní. Ìkìlọ̀ kan: ìlú ńlá bí Igbókòdá fúnra rẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ bíi ti Ifẹ̀. Abúlé kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ni kí o béèrè. Oúnjẹ kò ní jẹ́ ìṣòro: púpurú, ẹja tútù, edé. Ẹ má ru ìrẹsì láti Ifẹ̀ lọ fún wọn.

* * *

Ẹ tún bi mí pé kí n sọ ibì kan ṣoṣo. Ìlàjẹ ni.

Ẹ gba Òǹdó sí Ọ̀rẹ̀, sí Òkìtìpupa, sí Igbókòdá. Kí ìtukọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ ìrìn-àjò yìí, nítorí inú ọkọ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù ti lè rí tiwọn. Omi tó ń bá òkun wọlé tó sì ń bá a jáde kì í tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí omi odò, èyí ló mú kí oṣù Kejìlá ṣì gba atukọ̀ níbẹ̀. Apẹja á bá onílé lọ dẹ àwọ̀n, á fi ìwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kìíní. Olùwo-ẹyẹ ló ni wákàtí méjì àkọ́kọ́ lójoojúmọ́: kò sí orin, kò sí ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó dúró sílé. Kó má retí ẹgbàágbèje bíi ti Nguru. Tí ìyẹn bá jẹ ẹ́ lógún gan-an, kó ṣètò tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ Yobe, kó má fa àwọn mẹ́ta lẹ́yìn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi débẹ̀ kí ẹ sì kí baálẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta lẹ óò lò lórí omi. Ní ọjọ́ kẹrin, kí ẹ ti kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ má ṣú yín sójú ọ̀nà Òǹdó. Ẹ pe ọlọ́kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sọ bí omi ṣe rí. Tó bá ní kí ẹ sún un, ẹ sún un.